Kì í Ṣe Orí Gàárì ni Ẹ̀kọ́ Ẹṣin ti Ń Bẹ̀rẹ̀

Ẹṣin iwájú ni ti ẹ̀yìn ń wò sáré. Òwe yìí kò ṣòro láti pa, ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà nínú rẹ̀ tí a kì í sábà bi ara wa: bí ẹṣin iwájú bá ṣìnà, ta ni yóò dá ti ẹ̀yìn dúró? Ìbéèrè yìí ni ó mú wa gbé kálàmù lónìí, nítorí pé ọ̀rọ̀ ẹṣin gan-an ni a fẹ́ sọ.

Àwọn ọ̀dọ́ kan láàárín wa ní Kétu ti ń fẹ́ kọ́ ẹṣin gígùn. Ìfẹ́ náà kò yà wá lẹ́nu. Ẹni tí ó bá ti rí àwọn Wasangari lórí ẹṣin níbi ọdún Gaani ní Nikki, tí ó rí aṣọ aláràbarà tí a fi ṣe ẹṣin lọ́ṣọ̀ọ́, tí ó sì gbọ́ ohùn kàkàkí, kò ní tètè gbàgbé. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tí ó bá wo àwọn ìdílé ẹlẹ́ṣin ní Ìjẹ̀bú-Òde níbi Ojúde Ọba, lẹ́yìn ọdún Iléyá, ìbá à ṣe orí ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ ni ó ti wò wọ́n. Ní kété tí ìfẹ́ náà bá ti wọ ọmọ lára, ohun tí ó máa ń bi àwa olùkọ́ ni pé: ìwé wo ni kí n kọ́kọ́ kà? Fídíò wo ni kí n kọ́kọ́ wò? Ìdáhùn méjì ni àwọn ọmọ wọ̀nyí sì ń gbà láti ẹnu àwọn àgbà. Ìdáhùn kìn-ín-ní ń fà wọ́n lé ọlọ́jà òkèèrè lọ́wọ́. Èkejì ń fi pàṣán lé àwọn fúnra wọn lọ́wọ́. A kò fara mọ́ ọ̀kankan nínú méjèèjì, a ó sì sọ ìdí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mú ti ọlọ́jà òkèèrè. Àwọn tí ń fúnni ní ìdáhùn yìí jẹ́ ọ̀mọ̀wé, wọ́n gbọ́ Faransé, wọ́n sì ní íntánẹ́ẹ̀tì nílé. Wọ́n á ní kí ọmọ náà lọ kọ́ ohun tí àwọn Faransé ń pè ní « équitation éthologique », èyíinì ni ọ̀nà bíbá ẹṣin lò gẹ́gẹ́ bí ìwà àdánidá rẹ̀ ti rí. Wọ́n á ní kí ó ra irú okùn báyìí, kí ó ra irú ọ̀pá báyìí, kí ó sì máa san owó lóṣooṣù kí ó lè rí fídíò wò. Ọmọ tí kò tíì fọwọ́ kan ẹṣin rí yóò ti di oníbàárà kí ó tó di akẹ́kọ̀ọ́.

A kò sọ pé ọ̀nà náà kò dára. Ìtàn rẹ̀ gùn, ó sì níyì. Ó ti tó nǹkan bí 2,400 ọdún sẹ́yìn tí Xenophon, ọmọ-ogun àti òǹkọ̀wé ará Gíríìsì, ti kọ ìwé lórí ẹṣin gígùn, tí ó sì kìlọ̀ níbẹ̀ pé ènìyàn kò gbọdọ̀ fi ìbínú bá ẹṣin lò. Ní Amẹ́ríkà, láàárín àwọn darandaran ìhà ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ náà, Tom Dorrance àti Ray Hunt sọ irú èrò yìí di ọ̀tun. Hunt tẹ ìwé rẹ̀, Think Harmony with Horses, jáde ní 1978. Ìwé Dorrance, True Unity, sì jáde ní 1987. Pat Parelli ló sọ ọ̀nà náà di ẹ̀kọ́ onípele, tí ó ní eré méje tí akẹ́kọ̀ọ́ ń bá ẹṣin ṣe lórí ilẹ̀. Monty Roberts náà fi ìwé àti ìfihàn gbé irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ kiri ayé.

Bí a bá bó gbogbo ọ̀ṣọ́ ọjà kúrò lára ẹ̀kọ́ wọn, kókó mẹ́ta ni yóò ṣẹ́kù. Èkíní ni pé ẹṣin jẹ́ ẹran tí àwọn ẹranko mìíràn ń pa jẹ, nítorí náà sísá ni ààbò rẹ̀ àkọ́kọ́. Ẹ̀gbẹ́ orí ni ojú rẹ̀ wà. Ó ń rí fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo àyíká rẹ̀, ṣùgbọ́n kò rí ohun tí ó wà ní ọ̀gangan iwájú orí rẹ̀, kò sì rí ohun tí ó wà ní ọ̀gangan ẹ̀yìn ìdí rẹ̀. Ẹni tí ó bá gba ẹ̀yìn yọ sí ẹṣin láìfọhùn, tí ẹṣin sì ta á nípàá, kò yẹ kí ó pè é ní ẹṣin burúkú. Èkejì ni pé ìgbà tí a bá dẹwọ́ fún ẹṣin ni ẹ̀kọ́ ń yé e. Bí a bá fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ ní ìhà kí ó lè yẹ̀ fún wa, ojú ẹsẹ̀ tí ó bá ti yẹ̀ ni a gbọ́dọ̀ mú ọwọ́ kúrò. Bí a kò bá mú un kúrò, a ti kọ́ ọ pé ìgbọràn kò lérè nìyẹn. Ẹ̀kẹta ni pé orí ilẹ̀ ni ènìyàn àti ẹṣin ti ń mọ ara wọn, kí a tó di gàárì rárá. Òtítọ́ ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ọmọ Kétu sì lẹ́tọ̀ọ́ láti mọ̀ wọ́n bí ọmọ Paris ti mọ̀ wọ́n.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí àwọn fídíò náà kì í sábà sọ. Wọn kì í dárúkọ eṣinṣin tsétsé, tí ó ń gbé àrùn sínú ẹ̀jẹ̀ ẹṣin, tí ẹṣin yóò fi máa rù títí yóò fi kú, bẹ́ẹ̀ eṣinṣin yìí ni ó fà á tí ẹṣin kì í fi í pẹ́ láyé ní ilẹ̀ igbó wa láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Wọn kì í dárúkọ àrùn tí àwọn Faransé ń pè ní « peste équine », tí kòkòrò kéékèèké tí ń jẹni láṣàálẹ́ ń tàn kálẹ̀, tí ó sì lè pa ẹṣin láàárín ọjọ́ díẹ̀. Wọn kì í sọ ohun tí oòrùn ọ̀sán wa lè fi ojú ẹṣin rí. Nípa omi, ẹṣin kan a máa mu tó 20 sí 40 lítà lóòjọ́, ó sì ń jù bẹ́ẹ̀ lọ nígbà ooru. Ní orí òkè pẹrẹsẹ Kétu wa yìí, níbi tí omi kì í ti í fi gbogbo ìgbà wà nítòsí, ẹni tí ó bá fẹ́ sin ẹṣin gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ẹni tí yóò máa pọn omi náà.

Ọ̀rọ̀ ìwọ̀n tún wà níbẹ̀. Ẹṣin tí ó wà nínú fídíò ga, ó sì tóbi. Ó lè wọn 500 kílò tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹṣin tí ọmọ wa yóò bá pàdé ní àríwá ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ kéré sí i gan-an. Ìlànà tí ọ̀pọ̀ àwọn onímọ̀ ń tẹ̀ lé ni pé kí ẹlẹ́ṣin pẹ̀lú gàárì àti gbogbo ohun èlò rẹ̀ má ṣe ju ìdá kan nínú márùn-ún ìwọ̀n ẹṣin lọ. Bí ẹṣin bá wọn 300 kílò, 60 kílò péré ni kí a gbé lé e lẹ́yìn, gàárì sì wà nínú rẹ̀. Ọ̀dọ́kùnrin tí ó wọn 80 kílò, tí ó fi ohùn pẹ̀lẹ́ bá irú ẹṣin bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀, tí ó ju pàṣán nù, tí ó sì gùn ún láti àárọ̀ títí di ọ̀sán, ti fìyà jẹ ẹ́ pẹ̀lú ẹ̀rín. Àṣìṣe kọ́ ni pé ẹ̀kọ́ òkèèrè kò sọ èyí fún un; a kò kọ ẹ̀kọ́ náà fún un ni. Àṣìṣe wà lọ́wọ́ ẹni tí ó gbé e fún un bí ẹni pé ó pé.

Ohun kan ṣì tún burú ju ìyẹn lọ. Ẹni tí ó mọ ẹṣin jù lọ níbikíbi ni ẹni tí ń tọ́jú rẹ̀: ẹni tí ń gé koríko fún un, tí ń wo pátákò rẹ̀, tí ń sùn nítòsí rẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, Bàrìbá tàbí Fúlàní tàbí Haúsá ni ó sábà máa ń jẹ́, èdè Faransé kì í sì í ṣe èdè tí ó fi ń ronú. Ọmọ tí ó ti kọ́ ohun gbogbo lórí fídíò yóò dé ọ̀dọ̀ irú ẹni bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ìgbéraga, yóò máa tọ́ ọ sọ́nà, kò sì ní bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo. Ohun èlò ẹ̀kọ́ tí ó bá ya akẹ́kọ̀ọ́ nípa sí olùtọ́jú ẹṣin ti ba iṣẹ́ ara rẹ̀ jẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a wá kọjú sí ìdáhùn kejì. Àwọn tí ń fúnni ní èyí ń pe ara wọn ní olùṣọ́ àṣà. Wọ́n á ní: ìwé kí ni? Ta ni ó ka ìwé kí ó tó gun ẹṣin láyé àtijọ́? Ẹ gbé ọmọ gun ẹṣin, ẹ fún un ní pàṣán, bí ó bá ṣubú kí ó tún gùn. Wọ́n á sì fi òwe tì í lẹ́yìn, pé bí ẹṣin bá dá ni, à tún un gùn ni. Òwe náà dára. Ó kọ́ wa ní ìgboyà, ṣùgbọ́n kò dí wa lọ́wọ́ láti béèrè ohun tí ó mú kí ẹṣin dá ni. Ẹni tí kò bá béèrè yóò tún un gùn, ẹṣin yóò sì tún un dá.

Àwọn wọ̀nyí náà ni ó ń sọ pé irin tí ó bá le jù ni ó dára jù ní ẹnu ẹṣin. Òótọ́ ni pé ọ̀pọ̀ ẹlẹ́ṣin ní ilẹ̀ Sàhẹ́lì àti ní àríwá wa ń lo ìjánu olóòrùka irin, tí ó ń há àgbọ̀n ẹṣin mọ́ra. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọwọ́ tí ó mú okùn rẹ̀. Ọmọ ilé ẹlẹ́ṣin ní Nikki ti ń rìn láàárín ẹṣin láti kékeré. Itan àti ìbàdí rẹ̀ ni ó fi jókòó, kì í ṣe okùn ni ó fi dúró, nítorí náà ọwọ́ rẹ̀ lè fúyẹ́ lórí irin. Akẹ́kọ̀ọ́ ọjọ́ kìn-ín-ní kò mọ bí a ti ń jókòó. Bí ẹṣin bá gbọ̀n díẹ̀, okùn ìjánu ni yóò dì mú kí ó má baà ṣubú, gbogbo ìwúwo ara rẹ̀ yóò sì bọ́ sórí ahọ́n àti àgbọ̀n ẹran náà. Ìfófòó ẹ̀jẹ̀ tí a rí lẹ́nu ẹṣin kì í ṣe àmì akọni. Ẹni tí ó ra irin àti pàṣán ará Nikki, tí kò lè ra ìgbà èwe rẹ̀, òjìji ni ó rà.

A tún fẹ́ sọ fún àwọn tí ń fi orúkọ àwọn baba ńlá wa gbèjà pàṣán pé wọn kò ka ìtàn dé ìparí. Àwọn ẹlẹ́ṣin Ọ̀yọ́ ni ó ya wọ ilẹ̀ Dàhòmì ní 1726, ẹ̀rù wọn sì bá gbogbo àgbègbè. Ṣùgbọ́n níbo ni ẹṣin wọn ti wá? Òpìtàn Robin Law, nínú ìwé rẹ̀ The Horse in West African History tí ó jáde ní 1980, jẹ́ kí ó hàn bí ẹṣin ti ṣòro sìn tó ní ìhà gúúsù nítorí eṣinṣin, àti bí Ọ̀yọ́ ti gbára lé èyí tí a ń kó wá láti òkè ọya. Ohun tí a rà lọ́wọ̀n-ọ́n, tí ikú sì ń ṣọ́ lójoojúmọ́, kì í ṣe ohun tí a fi ń ṣeré pàṣán. Nínú ààfin Ọ̀yọ́, a ní oyè Olókùn Ẹṣin. A kò gbọ́ oyè Onípàṣán Ẹṣin. Ìtọ́jú ni apá tí ó tóbi jù nínú ogún tí àwọn baba wa fi sílẹ̀, òun náà sì ni àwọn olùṣọ́ àṣà wa gbàgbé.

Èdè wa gan-an jẹ́rìí sí i. Ìjánu ni a ń pe irin ẹnu ẹṣin. Ìkóra-ẹni-níjàánu ni a sì ń pe sùúrù ẹni tí ó lè ṣàkóso ìbínú àti ìfẹ́ ọkàn rẹ̀. Kẹ́sẹ́ ni irin ẹsẹ̀ tí a fi ń gún ẹṣin kí ó lè sáré. Bí ẹnìkan bá sì ń ti ẹlòmíràn sí nǹkan, a ní ó ń gún un ní kẹ́sẹ́. Àwọn tí ó dá irú ọ̀rọ̀ wọ̀nyí sílẹ̀ ti rí i pé ẹni tí yóò kó ẹṣin níjàánu gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kó ara rẹ̀ níjàánu. Ohun tí Xenophon kọ fún àwọn ará Gíríìsì kò jìnnà sí ìyẹn.

Báwo wá ni a ó ṣe yan ohun èlò ẹ̀kọ́ fún ẹlẹ́ṣin tuntun? Àwa dábàá ìbéèrè márùn-ún tí a lè bi ìwé tàbí fídíò èyíkéyìí, ìbáà ti Paris wá, ìbáà ti ẹnu àgbà wá.

Ìbéèrè kìn-ín-ní: ibo ni ó ti bẹ̀rẹ̀? Bí orí kìn-ín-ní rẹ̀ bá jẹ́ eré sísá, ẹ gbé e tì. Bí ó bá bẹ̀rẹ̀ láti orí bí a ti ń sún mọ́ ẹṣin, bí a ti ń fà á rìn, bí a ti ń nu ara rẹ̀, ẹ máa kà á lọ. Ìkejì: ǹjẹ́ ó sọ ìgbà tí a ń dẹwọ́ gẹ́gẹ́ bí ó ti sọ ìgbà tí a ń tẹ̀? Ìkẹta: ǹjẹ́ ó kọ́ni ní ara ẹṣin? Ẹṣin kò lè bì. Ohun tí ó bá jẹ tí kò bá a lára mu, inú rẹ̀ ni yóò jókòó sí. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò mọ̀ pé ẹṣin tí ń wo ìhà rẹ̀ léraléra, tí ó kọ oúnjẹ, tí ó ń yí nílẹ̀, ní inú rírun tí ó lè pa á, tí kò sì mọ̀ pé dókítà ẹran ni kí a ránṣẹ́ pè lójú ẹsẹ̀, kò tíì kọ́ ohunkóhun. Ìkẹrin: ǹjẹ́ a lè fi ohun tí ó wà lọ́wọ́ wa ṣe é? Okùn rírọ̀ tí ó gùn dáadáa tó. Ohun kan ṣoṣo ni a kò gbọdọ̀ ṣahun sí, òun ni casque, àṣíborí tí a ṣe fún ẹlẹ́ṣin, nítorí orí kò ní ààrọ̀. Ìkarùn-ún: bí a bá kà á sókè létí ẹni tí ń tọ́jú ẹṣin, tí a sì túmọ̀ rẹ̀ fún un, ǹjẹ́ yóò gbà pé ẹṣin ni a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀?

Bí a bá fi ìbéèrè wọ̀nyí yẹ àwọn ìwé Faransé wò, púpọ̀ kò ní kùnà pátápátá. Ìlànà àwọn Galop, láti 1 dé 7, tí ẹgbẹ́ àwọn ẹlẹ́ṣin ilẹ̀ Faransé ń lò, bẹ̀rẹ̀ láti orí ìtọ́jú àti bí a ti ń fa ẹṣin rìn. Ìwé Galop 1 tí ẹlòmíràn ti lò, tí a rà ní ẹ̀dínwó, sàn fún akẹ́kọ̀ọ́ ju ọgọ́rùn-ún fídíò lọ. Síbẹ̀, ilé ẹ̀kọ́ ẹṣin tí ó ní olùkọ́ àti ẹṣin tí ó ti mọ́ ènìyàn lára ni a kọ ọ́ fún. Àwa ni kí a kún ibi tí ó ṣófo.

Ẹnìkan yóò ní: ẹṣin mélòó ni ó wà ní Kétu tí ẹ fi ń da ara yín láàmú? Nítorí pé wọn kò pọ̀ ni a fi ń sọ̀rọ̀. Ọmọ tí ẹṣin wà ní ẹ̀yìnkùlé bàbá rẹ̀ lè fi ojú kọ́ ọ fún ọdún mẹ́wàá. Ọmọ wa yóò lo ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta ní àsìkò ìsinmi ní Nikki tàbí ní Parakou, lórí ẹṣin ẹni ẹlẹ́ni. Ẹni tí àkókò rẹ̀ kúrú ni ó nílò ìmúrasílẹ̀ jù, ẹni tí yóò gun ohun olóhun ni ó sì nílò ìwà pẹ̀lẹ́ jù. Ẹlòmíràn yóò ní Yorùbá kò ní ọ̀rọ̀ tó fún ẹ̀kọ́ yìí. Gàárì, ìjánu, kẹ́sẹ́, pátákò: ṣé kì í ṣe inú èdè wa ni gbogbo wọn wà? Ohun tí a kò bá ní orúkọ fún, a lè ṣàlàyé rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí a ti ń ṣe nínú kíláàsì lójoojúmọ́.

Nítorí náà, a ní ohun kan láti béèrè lọ́wọ́ ẹgbẹ́ yìí. Kí a tó ná kọ́bọ̀ kan lórí fídíò òkèèrè, kí a kọ ìwé pẹlẹbẹ kan, Yorùbá lójú kan, Faransé lójú kejì, gẹ́gẹ́ bí ìwé ìròyìn tí ẹ mú lọ́wọ́ yìí ti rí. Kí dókítà ẹran kan kọ apá àrùn, omi àti oúnjẹ. Kí a pe ẹlẹ́ṣin àgbà kan láti ilẹ̀ Bàrìbá, kí ó sọ, kí àwa kọ, kí a sì san owó iṣẹ́ rẹ̀ fún un bí a ti ń san ti àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n. Ẹni tí a gba ìmọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ ni a kọ́kọ́ máa ń gbàgbé orúkọ rẹ̀. Kí àwa olùkọ́ tò ó ní ẹ̀kọ́ tí ọmọ lè tẹ̀ lé: ọjọ́ àkọ́kọ́, wíwò, lẹ́yìn náà, sísún mọ́, lẹ́yìn náà, fífà rìn àti dídẹwọ́, gàárì ní ìkẹyìn. Ohun tí ó dára nínú ẹ̀kọ́ Dorrance àti Hunt yóò wọ inú rẹ̀, ohun tí ó dára nínú ti Nikki yóò wọ inú rẹ̀, pàṣán àti ìwé ìpolówó ọjà yóò sì dúró síta.

Títí ìwé náà yóò fi jáde, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ń kánjú, iṣẹ́ kan wà tí ẹ lè ṣe láìná owó. Bí ẹ bá dé ibi tí ẹṣin wà, ẹ má béèrè bóyá ẹ lè gùn ún. Ẹ kí ẹni tí ń tọ́jú rẹ̀ dáadáa, kí ẹ sì bi í bóyá ó nílò ẹni tí yóò bá a pọn omi.